Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí àti Èrò Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ń Lò ní Yunifásítì

Ẹni tí ó bá wọ yunifásítì láti kọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò bá ọ̀rọ̀-ìperí rẹpẹtẹ pàdé kí sáà àkọ́kọ́ tó parí. Àwọn kan ti inú èdè Gíríìkì àtijọ́ wá, àwọn kan sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀ láti Rọ́ṣíà, Faransé àti Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún ogún. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á há wọn sórí, wọ́n á sì máa lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé tí wọ́n ń kà: àfiwé tààrà wà ní ìlà kẹta, àsọrégèé wà ní ìlà karùn-ún, ó parí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gba máàkì gidi, nítorí pé sísọ orúkọ nǹkan yàtọ̀ sí sísọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe. Ọ̀rọ̀-ìperí wúlò nígbà tí ó bá mú kí ẹ bi ìwé ní ìbéèrè tí ẹ kì bá tí ronú kàn. Ojú yẹn ni mo fi wo àwọn tí mo yàn síhìn-ín. Mo fi àwọn tí ẹ lè tètè rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè sílẹ̀, mo sì dúró pẹ́ lórí àwọn tó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú.

Àkàfínnífínní

Ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ náà ni close reading, ìyẹn kíka ọ̀rọ̀ díẹ̀ fínnífínní títí a ó fi rí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. I. A. Richards, tó ń kọ́ni ní Cambridge, pín ewì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láìkọ orúkọ akéwì sí i, ó sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1929, kò fi bẹ́ẹ̀ wúni lórí: àwọn ọ̀dọ́ tó jáfáfá ṣi ewì kà, wọ́n gbé èrò tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ lé e lórí, wọ́n sì yin èyí tí kò jinlẹ̀ nítorí pé ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Stock response ni Richards pe irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, èyí tó ti wà nílẹ̀ kí a tó ṣí ìwé rárá.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ mú ibi kékeré, ìlà mẹ́wàá sí ogún bí ó bá jẹ́ ewì, ìpínrọ̀ kan bí ó bá jẹ́ ìtàn àròsọ. Ẹ kà á sókè, nítorí etí máa ń gbọ́ ohun tí ojú fò. Ẹ tún un kà pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ ohun mẹ́ta péré: ọ̀rọ̀ tí ẹ kò retí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tàbí ìró tó ń padà wá, àti ibi tí nǹkan ti yí padà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Nínú sonnet, tó jẹ́ ewì onílà mẹ́rìnlá, ìyípadà náà ní orúkọ tirẹ̀, volta. Nínú irú èyí tí Petrarch sọ di olókìkí, ìlà kẹsàn-án ni ó sábà máa ń bọ́ sí, ṣùgbọ́n Shakespeare a máa fà á dé ìlà méjì ìparí nígbà mìíràn. Ewì tí kì í ṣe sonnet náà máa ń yí: ọ̀rọ̀ àná lè di ọ̀rọ̀ òní, "èmi" lè di "àwa", gbólóhùn gígùn lè já sí kúkurú lójijì. Bí ẹ bá ti rí ibi tí ewì ti yí, ẹ ti rí ìbéèrè tí àròkọ yín yóò dáhùn, ìyẹn ìdí tí ó fi yí níbẹ̀ tí kò yí níbòmíràn.

Metre, ìyẹn ìwọ̀n tí ìlà ewì ń tẹ̀ lé, ló máa ń dẹ́rù ba ènìyàn jù. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ní láti rántí pé kì í ṣe ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ewì Gẹ̀ẹ́sì dúró lé. Ohun tó dúró lé ni pé sílébù kan a máa wúwo lẹ́nu ju èkejì lọ. Iambic pentameter, tí Shakespeare lò káàkiri inú eré rẹ̀, tí Milton sì fi kọ Paradise Lost tó jáde ní 1667, ní sílébù mẹ́wàá nínú ìlà kan: ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan wúwo, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò bá ní ìró tó bára mu ní ìparí, blank verse ni à ń pè é. Ẹ má ṣe pè é ní free verse, nítorí èyíinì kò tẹ̀ lé ìwọ̀n kankan tó dúró sójú kan. Kíka sílébù lásán kò já mọ́ nǹkan. Ibi tí ìlà ti rú òfin ara rẹ̀ ni kí ẹ máa wá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú Richard III, eré Shakespeare, ni Now, sílébù wíwúwo níbi tí etí ti ń retí èyí tó fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sì ti gba orí ìtàgé mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ kí ó tó sọ ohun tó ń bí i nínú.

Ẹ tún máa ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tó dà bí ẹni pé ẹ mọ̀. Bí ẹ̀dá-eré Shakespeare bá ní òun ń bọ̀ presently, kíákíá ló sábà ní lọ́kàn, kì í ṣe pé ó di ìgbà díẹ̀ sí i. Oxford English Dictionary, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ parí ní 1928, máa ń to ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọdún tí a rí wọn lákọsílẹ̀. Ẹ máa wò ó kí ẹ tó kọ ohunkóhun lórí ìwé tó ti pẹ́.

Ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló sì ń wò?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní ọdún kìíní ni kí a máa rò pé akéwì ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì. Nínú My Last Duchess tí Robert Browning tẹ̀ jáde ní 1842, ọlọ́lá kan ń fi àwòrán ìyàwó rẹ̀ tó ti kú han ìránṣẹ́ ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fún un. Bí ó ti ń ròyìn àwòrán náà pẹ̀lú ìgbéraga ni ó ń yé wa díẹ̀díẹ̀ pé àṣẹ rẹ̀ ló jọ pé ó pa obìnrin náà. Irú ewì yìí ni dramatic monologue, adùn rẹ̀ sì wà nínú àlàfo tó wà láàárín ohun tí ọkùnrin náà rò pé òun ń sọ àti ohun tí àwa ń gbọ́. Ẹni tí ó bá fi Browning àti ọlọ́lá náà ṣe ẹnì kan ṣoṣo ti pàdánù gbogbo ewì náà. Speaker ni kí ẹ máa pe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì, kí ẹ sì máa pe ti inú ìtàn ní narrator.

Wayne Booth ni ó fún wa ní ọ̀rọ̀ náà unreliable narrator ní 1961, fún asọ̀tàn tí a kò lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tán. Kò tó kí ẹ kàn sọ pé asọ̀tàn kan kò ṣeé gbára lé. Ẹ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá láti inú ìwé. Ẹ wá ibi tí àlàyé rẹ̀ ti tako ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tí ó ti ń wí àwíjàre láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ̀sùn kàn án, àti ibi tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn yòókù ti hùwà sí i lọ́nà tí kò bá ohun tó sọ nípa ara rẹ̀ mu. Kì í sì í ṣe irọ́ nìkan ló ń sọ asọ̀tàn di aláìṣeégbáralé: ọmọdé lè sọ òtítọ́ pọ́nńbélé lórí ohun tí kò yé e.

Ní 1972, Gérard Genette ya ìbéèrè méjì tí àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló sì ń wò? Àgbàlagbà lè máa fi ọ̀rọ̀ àgbà ròyìn ìgbà èwe rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ojú ọmọdé ló fi ń wo gbogbo rẹ̀. Focalization ni orúkọ tí Genette fún ìbéèrè kejì. Ẹnu ibẹ̀ náà ni a ti dé orí free indirect discourse, tí mo kà sí ọ̀rọ̀-ìperí tó wúlò jù lọ fún ẹni tó ń ka ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà Jane Austen wá. Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo hun yìí: "Obìnrin náà wo aago. Aago márùn-ún ti lù. Dájúdájú ọkùnrin náà ń bọ̀. Ta ni obìnrin bíi tirẹ̀ yóò ránṣẹ́ pè tí kò ní sáré dìde?" Asọ̀tàn ló ni gbólóhùn àkọ́kọ́. Ta ló ni èyí tó kẹ́yìn? Kò sí "ó rò pé" níbẹ̀, kò sí "èmi", síbẹ̀ ìdánilójú àti ìjọra-ẹni-lójú tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti asọ̀tàn. Ohùn méjì ló wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, asọ̀tàn sì ń fi ẹ̀dá-ìtàn ṣẹ̀fẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan tó le sí i. Ibi tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí tó láti fi kọ odindi àròkọ.

Èrò òǹkọ̀wé ńkọ́? Ní 1946, Wimsatt àti Beardsley kọ̀wé tako ohun tí wọ́n pè ní intentional fallacy: wọ́n ní ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó wa, kò sì yẹ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Roland Barthes lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1967, nígbà tí ó kéde ikú òǹkọ̀wé, tí ó sì gbé ìtumọ̀ lé òǹkàwé lọ́wọ́. Ẹ kò ní láti fara mọ́ èyíkéyìí nínú wọn pátápátá. Ohun tí àwọn olùkọ́ ń retí ni pé dípò "Shakespeare fẹ́ kọ́ wa pé", ẹ ó kọ "eré náà fi hàn pé", ẹ ó sì tọ́ka sí ibi tí ó ti fi hàn.

Ìtàn àti bí a ṣe hun ún

Orí èyí kò gba àkókò. E. M. Forster sọ ní 1927 pé bí ọba bá kú, tí ayaba sì kú lẹ́yìn rẹ̀, story nìyẹn. Bí ayaba bá kú nítorí ìbànújẹ́ ikú ọba, ó di plot, nítorí pé ìdí ti wọ̀ ọ́. Àwọn onímọ̀ Rọ́ṣíà ìgbà náà ń pín in lọ́nà mìíràn: fabula ni ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ó ṣe tẹ̀ léra, syuzhet sì ni bí ìwé ṣe tò ó fún wa. Ìpínyà méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí náà ẹ sọ èyí tí ẹ ń lò.

Ìwé nínú àkókò rẹ̀

Kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa ìwé kan, ẹ mọ èyí tí ẹ ń kà nínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀. King Lear ti Shakespeare tí a tẹ̀ ní 1608 yàtọ̀ sí ti 1623: Albany ló sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nínú ti àkọ́kọ́, Edgar ló sọ ọ́ nínú èkejì, ó sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá ń jiyàn lórí ẹni tí ìjọba bọ́ sí lọ́wọ́. Nínú ẹ̀dà Frankenstein, ìtàn àròsọ Mary Shelley, ti 1818, Elizabeth tí Victor Frankenstein fẹ́ jẹ́ ìbátan rẹ̀. Nínú ti 1831, ọmọ òrukàn tí wọ́n gbà tọ́ ni. Orúkọ àwọn sáà, bíi Romantic àti Victorian, wúlò fún ètò ẹ̀kọ́ ju fún àlàyé lọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ewì kan kún fún ìṣẹ̀dá nítorí pé ti Romantic ni, ẹ kò tíì sọ nǹkan kan nípa ewì náà.

Canon ni àkójọ àwọn ìwé tí a gbà pé ó yẹ láti kọ́. Ẹnì kan ló ń yàn án, ìyàn náà sì ṣeé bá jà. F. R. Leavis to àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ díẹ̀ jọ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí àṣà ńlá Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1968, Ngũgĩ wa Thiong'o, Taban lo Liyong àti Henry Owuor-Anyumba béèrè ní yunifásítì Nairobi pé kí a pa ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ́, kí lítíréṣọ̀ Áfíríkà sì wà ní àárín gbùngbùn ẹ̀kọ́.

Inú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni tíọ́rì ti ń rí agbára rẹ̀. Ìṣègbèfábo ń béèrè ẹni tí ìwé gbà láyè láti sọ̀rọ̀, tíọ́rì Marx ń béèrè ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń jẹ èrè, postcolonial sì ń béèrè ibi tí ìmúnisìn wà nínú ìwé tí kò dárúkọ rẹ̀. Ẹ wo bí Edward Said ṣe ka Mansfield Park ti Jane Austen ní 1993. Sir Thomas, baálé ilé inú ìtàn náà, ní ohun ìní ní erékùṣù Antigua; ìwé náà kò mú wa débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọrọ̀ ibẹ̀ wà lára ohun tó gbé ilé náà ró. Nígbà tí Fanny, ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ń tọ́ nínú ilé náà, béèrè nípa òwò ẹrú, ìdákẹ́rọ́rọ́ ló tẹ̀ lé e. Said kò fi tíọ́rì bo ìwé náà mọ́lẹ̀. Ìlà díẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń fò ló mú, ó sì béèrè ìdí tí wọ́n fi kéré bẹ́ẹ̀. Deconstruction, tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Jacques Derrida, kì í sì í ṣe bíba ìwé jẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ṣe dún. Ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ìwé ti ń tako ara rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú tíọ́rì kan, kí ẹ ka ohun tí ẹni tó dá a sílẹ̀ kọ fúnra rẹ̀, dípò kí ẹ ka àkópọ̀ mẹ́wàá.

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń wọ àròkọ

Thesis àròkọ, ìyẹn kókó tí ẹ fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹni tó ní làákàyè lè bá yín jiyàn lé lórí. "Ìfẹ́ jẹ́ kókó pàtàkì nínú eré yìí" kò tó, nítorí kò sẹ́ni tí yóò sọ pé irọ́ ni. Ẹ yọ ìlà kan tàbí méjì lò, kí àlàyé yín lórí rẹ̀ sì gùn ju ìlà náà lọ. Iṣẹ́ lámèyítọ́ tí ẹ rí ní JSTOR, àkójọ iṣẹ́ onímọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí ní ilé ìkàwé kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ń jẹ́ ẹ yín lẹ́nu. Ẹ bá a jiyàn, tàbí kí ẹ fi ohun tí kò rí kún un, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀, nítorí jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ lè lé ènìyàn kúrò ní yunifásítì. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ yọ ọ̀rọ̀-ìperí kọ̀ọ̀kan kúrò nínú gbólóhùn rẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá àròyé yín dínkù. Bí kò bá dínkù, ẹ má ṣe dá a padà. Ní ti ìtọ́kasí, ẹ tẹ̀ lé ìlànà tí ẹ̀ka yín yàn, ìbáà ṣe MLA tàbí MHRA: ìṣe, ìran àti ìlà fún eré, ìlà fún ewì, ojú-ìwé fún ìtàn àròsọ, pẹ̀lú orúkọ olótùú àti ọdún ẹ̀dà tí ẹ lò gan-an.