Bíréékà tó ń já, àti wáyà tó wà lókè àjà

Pákó ọ̀gànwó kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo lọ yàn án ní Bódìjà, ó gbẹ, kò ní kókó kankan lára. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà mi ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ń là á lórí ayùn oníná mi, kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ kó parí, ni bíréékà bá já. Ayùn há sínú pákó. Nígbà tí mo fi máa yọ ọ́, ojú ibẹ̀ ti jó dúdú, etí rẹ̀ sì ti ya. Pákó bà jẹ́ nìyẹn.

Inú gáréèjì ilé mi ní Àkóbọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti lé ní oṣù mẹ́ta tí bíréékà yẹn ti ń fojú mi rí màbo. Ohun tó sú mi jù ni pé n kò mọ ìgbà tó máa já. Láàárọ̀, ayùn á gbéra wẹ́rẹ́. Tó bá dọ̀sán, mo kàn fọwọ́ kan súìsì ni, ó ti já.

Mo pe oníná kan. Kò tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò gun àjà, kò bi mí ní ohun tí mò ń tàn. Ó wo bíréékà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó kéré ni. 16 nìyí. Ẹ jẹ́ ká fi 32 sí i." Nọ́ńbà yẹn ni iye amp, ìyẹn ìwọ̀n iná, tí bíréékà máa gbà kó kọjá. Ó fi 32 sí i, ó gba ₦15,000, ó lọ. Lóòótọ́, bíréékà ò já mọ́. Mo tilẹ̀ ṣàdúrà fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ìyàwó mi ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ní, "Bàbá Ìbejì, kí ló ń rùn bí ike tó ń jó?" Mo fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, kíá ni mo fà á padà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, igun kan ti yọ́ wọnú.

Títí di òní, tí mo bá rántí, inú á tún bí mi. Wáyà ni bíréékà ń ṣọ́, kì í ṣe ayùn. Tí wáyà inú ògiri bá tín-ín-rín, tí ẹ wá gbé bíréékà ńlá sí i, wáyà á ti máa jó kí bíréékà tó mọ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín gáréèjì yẹn àti yàrá tí àwọn ìbejì ń sùn sí.

Mo pa iná gbogbo ilé, mo gun àjà. Ọjọ́ méjì ni mo fi tọpa wáyà yẹn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, nínú eruku àti ooru páànù. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé: wọn ò fa wáyà gáréèjì láti ibi bọ́ọ̀dù tí àwọn bíréékà wà rárá. Ara ti ilé ìdáná ni wọ́n ti ya á, èyí tí fíríìjì àti pọ́ọ̀ǹpù omi wà lórí rẹ̀. Wáyà 1.5 (nọ́ńbà yẹn ń sọ bí wáyà ṣe nípọn tó) tí wọ́n ń lò fún gílóòbù ni wọ́n fi ya á. Wọ́n kàn fọwọ́ lọ́ ojú ibi tí wọ́n so ó pọ̀ ni, wọ́n wé téèpù dúdú mọ́ ọn. Téèpù yẹn ti gbẹ gan-an. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló fọ́ wẹ́wẹ́.

Ó yá, mo kọjá sí Ògùnpa lọ ra wáyà 4. Ibẹ̀ náà tún jẹ́ wàhálà ọ̀tọ̀. Mo mú ọ̀bẹ dání. Ìsọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo dé, mo họ ojú wáyà: pupa lóde, funfun nínú. Alumíníọ̀mù ni, wọ́n kàn fi kọ́pà bò ó, iye owó kọ́pà gidi ni wọ́n sì ń pè é. Ìsọ̀ kẹrin ni ìyá kan ti ní, "Ẹ họ ọ́ dáadáa, bàbá mi, ẹ máa họ ọ́ lọ." Ó pupa dé inú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rà á.

Oníná mìíràn, ọmọkùnrin kan tó mọṣẹ́, ló bá mi fà á láti bọ́ọ̀dù tààrà dé gáréèjì, pẹ̀lú wáyà ilẹ̀ (earth). Ó yọ 32 kúrò, ó sì fa wáyà 2.5 fún ilé ìdáná. Ọjọ́ kan ló parí rẹ̀.

Mo tan ayùn. Ó já!

Ó ku díẹ̀ kí n sunkún. Bíréékà 16 àtijọ́ ni ọmọkùnrin yẹn dá padà síbẹ̀. Òun náà ló yọ ọ́, tó gbé e sún mọ́ ojú mi, tó ní, "Bàbá, ẹ wo lẹ́tà tó wà níwájú nọ́ńbà yẹn." B ni. B16. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń wo nọ́ńbà yẹn, n kò rí lẹ́tà yẹn rí.

Ayùn mi jẹ́ wáàtì 1800. Tí ẹ bá pín in sí fólítì 230 ti iná ilé, kò pé amp 8. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò bá ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po mẹ́fà iye yẹn fún ìṣẹ́jú akàn, ìyẹn á sún mọ́ 48. Bíréékà B máa ń já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí iná bá tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún nọ́ńbà rẹ̀. Ti B16 bẹ̀rẹ̀ láti 48 gan-an! Ìdí nìyẹn tí kì í fi í já nígbà mìíràn. Tí fíríìjì tàbí pọ́ọ̀ǹpù bá ti ń ṣiṣẹ́ lórí wáyà kan náà, ó parí. Irú C máa ń dúró títí di ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá. A fi C20 sí i, wáyà 4 gbé e láìmikàn.

Bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀dù àti àjà ni mo máa kọ́kọ́ wò kí n tó náwó kankan. Ẹ jọ̀ọ́, tí bíréékà bá já, ẹ pa súìsì ayùn kí ẹ tó lọ gbé e dìde, torí ayùn tó wà lórí títàn á gbéra fúnra rẹ̀, ó sì lè gé ọmọdé tó bá wà nítòsí. Tí ẹ bá ń lo ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n, ẹ tú u tán kúrò lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí wáyà tó ká jọ máa ń gbóná.

Mo fi owó ara mi ra ọ̀gànwó mìíràn fún oníbàárà yẹn. Mo là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ayùn ò dúró lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo pa á, mo lọ fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó tutù.