Ẹ má jẹ́ kómi ká yín mọ́lé láìmúra

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ̀ ń gbé Kétu, Mile 12, Owódé-Onírin àti gbogbo àdúgbò tó sún mọ́ odò Ògùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tómi bá lójijì, ó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ o, ó kàn ń sọ pé ó dọ̀la ni. Òjò tó rọ̀ l'Ékòó ní July 10, 2011, ẹ̀mí ló bá a lọ, kì í ṣe ẹrù nìkan.

June sí July lòjò máa ń le jù, á sinmi díẹ̀ ní August, á tún padà ní September. Ìgbà tó sinmi yẹn ló máa ń tan àwọn èèyàn wa jẹ, wọ́n á ní òjò ti lọ. Dáàmù Ọyán tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ńkọ́? Tó bá ti kún, wọ́n á tú omi ẹ̀ sílẹ̀, á gba odò Ògùn wá bá yín, kódà kóòrùn máa ràn ní Mile 12, omi lè máa wọ pálọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Abẹ́òkúta nìyẹn.

Gọ́tà la ó kọ́kọ́ mú. Kí láńlọ́ọ̀dù àti tẹ́náǹtì jọ gbá a kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ má wọ́ ẹrẹ̀ ẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà bá a ṣe máa ń ṣe, òjò àkọ́kọ́ á gbá gbogbo ẹ̀ padà síbẹ̀ ni, iṣẹ́ ti di òfo. Ẹ rọ ọ́ sí àpò, kí wọ́n kó o lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ìwé ilé, sátífíkéètì, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, ẹ fi náílọ́ọ̀nù méjì wé e, kó wà nínú báàgì kan ṣoṣo pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá. Ẹ gbé fíríìjì sórí búlọ́ọ̀kù. Bómi bá ti yọ lẹ́nu géètì, ẹ pa iná gbogbo ilé nígbà tílẹ̀ ṣì gbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tómi bá ti dé abẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì iná mọ́, ẹ jáde.

Àwọn tó ń fẹsẹ̀ wọ́ omi lálẹ́ torí wọ́n fẹ́ délé ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tómi bá ti bo títì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí kánààlì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sùn sọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ jàre. 112 àti 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó, ẹ kọ ọ́ sára ògiri, kẹ́ ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ, torí fóònù lè kú.

Bómi bá fà, ẹ má mu omi kànga bẹ́ẹ̀ o, onígbáméjì wà ńbẹ̀. Ẹ sè é kó hó dáadáa.