Bí A Ṣe Lè Mú Sinimá Yorùbá Àtijọ́ Jáde fún Wíwò Nílé

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sinimá tí àwọn ọ̀gá òṣèré orí ìtàgé wa yà sórí fíìmù láàárín 1976 sí ìparí àwọn ọdún 1980 ni ó ṣòro láti rí ẹ̀dà rẹ̀ tó mọ́ rà lọ sílé. Mo ń sọ nípa Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní 1976, tí Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Ìjà Òmìnira, tí a gbé ka ìwé ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí. Ayé àti Jáyésinmi ti Hubert Ògúńdé. Àti Ọ̀run Móoru ti Moses Ọláìyá, Baba Sàlá. Bí a bá tilẹ̀ rí wọn wò, àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tún dà kọ láti ara àdàkọ mìíràn ni. Ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí wà fún ìdílé tí agolo fíìmù ṣì wà nínú yàrá baba wọn, ó sì wà fún olùfẹ́ sinimá tí ó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ṣọ̀wọ́n, nítorí ìdí yẹn ni yóò fi hàn wá ibi tí a ó ti wá wọn. Àwọn tí ó ni sinimá wọ̀nyí kì í fi fíìmù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn; àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń fi í hàn ní gbọ̀ngàn ìlú, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní gbọ̀ngàn eré ti ìjọba ní Igànmú. Ìbẹ̀rù àwọn aṣàdàkọ ayédèrú ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn gbà láti gbé e sórí kásẹ́ẹ̀tì, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí: ọwọ́ àwọn ayédèrú ba Ọ̀run Móoru débi pé ó kó Baba Sàlá sí gbèsè. Nítorí náà ẹ̀dà kò pọ̀, ìwọ̀nba tí ó wà sì ti gba inú ẹ̀rọ kọjá títí ó fi ya yánnayànna. Nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù àkọ́kọ́ tí a ti ń tẹ àwọn ẹ̀dà yòókù jáde, ni ó ṣe pàtàkì jù, òun kì í sì í sábà sí nílé, torí òkè òkun, pàápàá Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti máa ń fọ fíìmù nígbà náà.

Nítorí èyí, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe agolo. Ẹ tú àpótí olóògbé wò fún rìsíìtì, lẹ́tà àti ìwé àdéhùn tí orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó fọ fíìmù náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹrù wọn máa ń bọ́ sọ́wọ́ ilé ìpamọ́ fíìmù, ẹni tí ó bá sì mú ìwé dání ni wọ́n máa ń dá lóhùn. Ẹ má yọ ilé ìpamọ́ ìjọba tí ó wà ní Jos sílẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí Shaihu Umar, sinimá èdè Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, tí àwọn ènìyàn ti rò pé ó ti sọnù. Ilé iṣẹ́ sinimá Arsenal ní Berlin bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn níbi àjọ̀dún sinimá ìlú náà ní 2018.

Bí agolo bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe gbé e sínú ẹ̀rọ láti wò ó, bí ó ti wù kí ojú kán yín tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ba ogún jẹ́ nìyẹn. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ tó rọra ṣí ìdérí. Bí òórùn kíkan fínígà bá gbá yín nímú, fíìmù náà ti ń jẹrà. Bí ó bá ti le jù, ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun létí rẹ̀, fíìmù náà yóò ti súnkì, kò sì ní tẹ́jú mọ́. Òórùn náà máa ń ran èyí tí ó ṣì dára, nítorí náà ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó wọn kúrò nínú agolo onípáánù tí ó ti dógùn-ún sínú agolo oníke tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí ẹ sì gbé e sí yàrá tí ó tutù tí ó sì gbẹ. Kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ òrùlé páànù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka agolo. Fíìmù 35mm (ìyẹn èyí tí ó fẹ̀ ní mílímítà 35) tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2,000 kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ, èyí túmọ̀ sí pé sinimá wákàtí méjì gbọ́dọ̀ tó agolo mẹ́fà. Ẹ tú ìwọ̀nba díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ fíìmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ síbẹ̀, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára agolo gbọ́, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ agolo lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ tí gbogbo àwòrán pọ́n bí epo, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí nìyẹn. A lè tún díẹ̀ ṣe nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n nẹ́gátíìfù nìkan ni ó lè dá àwọ̀ ewé àti ti òfuurufú padà bí ó ti yẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àdàkọ ni ó máa ń dá iṣẹ́ dúró ju owó lọ. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 2022, ààbò lórí sinimá fúnra rẹ̀ jẹ́ 50 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí ó kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n orin àti ìtàn tí ó wà nínú rẹ̀ ní ààbò 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ wọ́n. Ògúńdé kú ní 1990, nítorí náà ohun tí ó kọ ṣì wà lábẹ́ òfin títí di ìparí 2060. Fálétí kú ní 2017. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú Ìjà Òmìnira jáde gbọ́dọ̀ bá àwọn àrólé rẹ̀ sọ̀rọ̀, yàtọ̀ sí àwọn tí ó ni fíìmù. Ilé olórogún ni ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, ìbuwọ́lùwé àkọ́bí nìkan kò tó. Ẹ lọ pẹ̀lú àgbàlagbà tí ó mọ ìdílé náà, kí ẹ pe gbogbo ìdí igi jọ, kí lọ́yà sì kọ bí wọn yóò ṣe pín owó sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí owó.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e wọ kọ̀ǹpútà, ẹ wá ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò fi eyín fa ihò etí fíìmù, torí eyín yẹn lè ya èyí tí ó ti súnkì. 2K àti 4K ni wọ́n fi ń sọ bí àwòrán ṣe máa mọ́ kedere tó nínú kọ̀ǹpútà, 4K ni ó sì mọ́ jù. 2K tó fún fíìmù 16mm. Fún 35mm, ẹ béèrè 4K. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ohùn láti ara fíìmù gan-an, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn rárá pẹ̀lú èyí tí wọ́n tún ṣe. Mo kórìíra kí wọ́n na àwòrán fẹ̀ kí ó lè kún tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé. Irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò tọ́ sí Baba Sàlá.

Ẹ má gbé ìtumọ̀ abẹ́ àwòrán fún kọ̀ǹpútà. Ọfọ̀ inú Ayé ń fẹ́ ẹni tí ó gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, ó sì dára kí a tún kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí àwọn ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lè máa kà á bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré àti ayàwòrán tí ó ṣì wà láàyè kún dísìkì tí ẹ ó fi gbé sinimá náà jáde, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ kí iṣẹ́ fíìmù tó parí, torí pé àgbà ni gbogbo wọn. Bí dísìkì bá ti jáde, ẹ kó fáìlì sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ilé ìpamọ́ tí kì í ṣe ti ìdílé, kí ẹ má sì ju fíìmù náà nù.