Bí mo ṣe rí rọ́yátì àkọ́kọ́ gbà lórí orin mi

Odidi ọdún kan ni rédíò fi lo orin dàdàkúàdà tí mo gbà sílẹ̀ ní Tánkẹ, kọ́bọ̀ rọ́yátì, ìyẹn owó tó yẹ kí olórin gbà bí wọ́n bá lo orin rẹ̀, kò wọlé. Bẹ́ẹ̀ mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń bá olórin gbowó. Rédíò ló ń sanwó fún ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ á wá pín in bí orúkọ orin bá ṣe wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rédíò.

Mo lọ sí iléeṣẹ́ rédíò kan ní Ìlọrin, mo bẹ̀ wọ́n kí n wo ìwé wọn. Nínú oṣù kan ṣoṣo, mo rí "Track 03" nígbà mọ́kànlá. Àyà mi já. Èmi ni! Orúkọ tí sítúdíò fún fáìlì náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe gbé e fún wọn nínú fláàṣì. Ta ni ẹgbẹ́ fẹ́ fún lówó "Track 03"?

Mo gba ISRC, àmì oní-lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 tí wọ́n fi ń dá orin tí a gbà sílẹ̀ mọ̀. Mo kọ orúkọ mi, orúkọ orin àti àmì yẹn sára fáìlì. Ojú mi ni òṣìṣẹ́ wọn ṣe yọ ti àtijọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Ó ku ìwé ìpín, èyí tó ń sọ iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ni orin. Èmi àti Bàbá Onílù ní Pàkátà la jọ hun orin náà, mo bá gbé ìwé lọ bá wọn.

"Ṣebí o ti sanwó ìlù fún mi?"

"Owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ lorin. Òfin Copyright ti 2022 ní ẹ̀tọ́ orin á wà fún 70 ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti lọ. Àwọn ọmọ yín á jẹ ńbẹ̀."

Wọ́n ní kí n ka orúkọ àwọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tẹ́ ìwé sójú ìlù, wọ́n tẹ̀ka.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, álàátì wọlé: ₦5,200. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ tí a gba orin náà sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn mí gan-an. Ìdá kan nínú márùn-ún ni ti Bàbá. Mo fi ₦1,040 ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n pè mí padà, wọ́n bi mí rédíò wo ni, aago mélòó ni wọ́n máa ń fi sí i.

Mo ṣì ní orin mẹ́sàn-án mìíràn ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán tó ń jẹ́ "Track". Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀fà.