Bí Ẹ Ṣe Máa Ka Èsì Àyẹ̀wò Ìfun Tí Wọ́n Gé: Ẹ Wá Ìlà Tumour Deposits

Iṣẹ́ mi ní Àbújá níbí ni kí n gba ìfun tí oníṣẹ́ abẹ gé lára aláìsàn jẹjẹrẹ, kí n pèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà tó máa wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Àwọn ẹbí ló sábà máa ń gbé e wá, láti Kubwa, láti Nyanya, nígbà mìíràn láti Lọ́kọ́ja. Ọwọ́ yín ni èsì tó dára ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá sì jáde, ẹ má fo ìlà tumour deposits, ìyẹn kókó jẹjẹrẹ tó dá wà nínú ọ̀rá tó yí ìfun ká.

Kí wọ́n tó gbé aláìsàn wọ tíátà, ẹ ti wá fọ́málìn (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà) àti ike ẹlẹ́nu gbòòrò sílẹ̀. Ẹran máa ń le nínú fọ́málìn, tí ẹnu ike bá tóóró, kò ní ṣeé yọ mọ́. Kí fọ́málìn pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Ẹ má fi omi lásán sí i, ẹ má sì gbé e sínú fírísà. Ooru oṣù kẹta níbí kì í ṣe kékeré: ẹran tí kò rí fọ́málìn á ti máa jẹrà nínú sún-kẹẹrẹ Nyanya. Kí fọ́ọ̀mù tó ń bá ẹran náà bọ̀ sọ bóyá aláìsàn ti gba kẹmó (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) tàbí ìtọ́jú onítànṣán ṣáájú, nítorí ìtọ́jú náà lè fọ́ jẹjẹrẹ sí wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá, ìtumọ̀ ohun tí a bá rí á sì yàtọ̀.

Ibi tí mo ti ń pẹ́ jù ni ọ̀rá tó yí ìfun ká. Mo máa ń gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, n óò sì máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lymph node, ìyẹn kókó kéékèèké tó ń bá ara gbógun ti àrùn, máa ń dán lára, ó máa ń rí bí ẹ̀wà. Nígbà mìíràn, ìka á kan kókó funfun kan tó le, tí etí rẹ̀ rí gbágungbàgun, tó dá wà nínú ọ̀rá. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ nìkan ló wà nínú rẹ̀, tí kò sí àmì lymph node, iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí iṣan ìmọ̀lára, tumour deposit nìyẹn.

Arákùnrin kan bi mí pé, “Àǹtí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé lymph node tó ní jẹjẹrẹ jẹ́ 0 nínú 15. Ṣé Bàámi ti bọ́ nìyẹn?” Mo ní kó ṣí ojú ìwé kejì. Tumour deposits: 2. Mo ní kó gbé ìwé náà padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìdí rẹ̀ rèé. Tí lymph node bá mọ́ ṣùgbọ́n tí kókó yìí wà, ì báà ṣe ẹyọ kan, N1c ni wọ́n ń kọ. Tí àrùn kò bá tíì dé ibòmíràn nínú ara, ìpele kẹta ni, a sì máa ń gba àwọn tó wà ní ìpele yìí nímọ̀ràn kẹmó. Ìlànà TNM (èyí tí àwọn dókítà fi ń pín jẹjẹrẹ sí ìpele) tó jáde ní 2009 ló gbé N1c kalẹ̀. Ẹ rí i pẹ̀lú pé lymph node tí wọ́n yẹ̀ wò kò dín ní 12.

Ẹni tó ní kókó yìí wà nínú ewu kí àrùn padà ju ẹni tí kò ní lọ. Bí kókó bá ṣe pọ̀ sí i ni ewu ń pọ̀ sí i, pàápàá tí lymph node náà bá ti ní jẹjẹrẹ. Síbẹ̀ ìlànà kì í ka kókó mọ́ iye lymph node, ìyẹn ni pé tí wọ́n bá kọ N1b lásán (lymph node méjì tàbí mẹ́ta ló ní jẹjẹrẹ), ó lè bo iye kókó mọ́lẹ̀. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ iye kókó náà fún dókítà jẹjẹrẹ, ní National Hospital, ní ilé ìwòsàn Gwagwalada tàbí ti Shika ní Zaria, kí ẹ sì bi í bóyá kẹmó oṣù 3 tó tàbí oṣù 6. Ẹ má fi ìpàdé yìí falẹ̀. Kì í ṣe ìdájọ́ ikú rárá. Kẹmó ń dín ewu yẹn kù.

Tí èsì kò bá dárúkọ tumour deposits rárá, ẹ má kà á sí 0. Ẹ padà sí láàbù, kí wọ́n tún súláìdì (gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ẹran náà sí fún maikirosíkóòpù) wò, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Tó bá di dandan kí ilé ìwòsàn mìíràn tún un wò, ẹ béèrè súláìdì àti bulọ́ọ̀kù (ìda tí wọ́n fi ẹran náà sínú rẹ̀) pẹ̀lú nọ́ńbà láàbù. Ẹ má fi bulọ́ọ̀kù sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Ìda ni wọ́n fi ṣe é, ooru lè yọ́ ọ.