Bí ẹ ṣe lè wá ìtàn abúlé Japan tí ìlú ńlá ti gbé mì

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ ṣáà mọ̀ pé Aké àti Ìtòkò ti wà nígbó Ẹ̀gbá kí wọ́n tó sá wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú tú, orúkọ ò kú. Bí ti Japan náà ṣe rí nìyẹn o. Ẹ kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì, tẹ́ ẹ bá rí "ōaza" (ìyẹn àdúgbò ńlá nínú ìlú), orúkọ tó tẹ̀lé e sábà máa ń jẹ́ ti abúlé àtijọ́. Ẹ wá wá ọdún tí wọ́n pa abúlé náà pọ̀ mọ́ ìlú míì: 1889 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ìlú àti abúlé bí 71,000 di bí 16,000, àmọ́ tó bá jẹ́ Tokyo, ẹ wo 1932, ìlú àti abúlé méjìlélọ́gọ́rin ló gbé mì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀fun yẹn mà fẹ̀! Orúkọ sitéṣọ̀n rélùwéè náà ńkọ́? Èmi fẹ́ràn ìyẹn jù, ibẹ̀ lorúkọ máa ń sá pamọ́ sí.