Bí A Ṣe Ń Mọ Ìwọ̀n Ínṣọ́ránsì Tó Yẹ Ká Rà fún Mọ́tò Tó Ti Pẹ́

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin kan tó ń wa Primera àtijọ́ fi bọ́ńpà kan ẹ̀yìn jíìpù kan nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Ìró rẹ̀ kò ju ti agolo tó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Lára Primera, ọ̀dà ló kàn họ díẹ̀. Lára jíìpù, iná ẹ̀yìn ti fọ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ti tẹ̀ wọnú. Wọ́n pe ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lórí fóònù, wọ́n ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́. Iye tó pe iná kan ṣoṣo ju owó oṣù ọkùnrin náà lọ. Baba ọlọ́mọ dọ̀bálẹ̀ lórí títì gbígbóná. Mi ò tíì gbàgbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó fi lélẹ̀.

Nítorí ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Tí mọ́tò bá ti pẹ́, a máa ń sọ pé, “Èló ni mọ́tò ọ̀hún gan-an, tí màá tún máa náwó ínṣọ́ránsì lé e lórí?” Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó bá jẹ́ ti mọ́tò tiwa là ń sọ. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ti gbó lè ba mọ́tò tuntun jẹ́ gẹ́gẹ́ bí mọ́tò tuntun ṣe lè ṣe. Ìṣirò méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má pa wọ́n pọ̀: èyí tí ẹ lè pàdánù, àti èyí tí ẹ lè jẹ ẹlòmíràn ní gbèsè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ iye tí mọ́tò yín jẹ́ lónìí

Ẹ gbàgbé iye tí ẹ rà á. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ sí owó ilẹ̀ òkèèrè, mọ́tò àlòkù ti gbówó lórí débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbó sí i, wọ́n sì tún ń wọ́n sí i. Ẹni tó ra Corolla ní 1,200,000 náírà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn lè bá a pé 3,000,000 ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ báyìí.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta mọ́tò àlòkù, kí ẹ sì wo ìpolówó irú mọ́tò kan náà, ọdún kan náà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má mú iye tó ga jù. Iye tí ẹ ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá kówó dé lónìí ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ká ní ẹ ra comprehensive, ìyẹn ínṣọ́ránsì tó bo mọ́tò tiyín pẹ̀lú ohun tí ẹ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹ wá sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò pé 1,500,000 ni mọ́tò yín kí owó tí ẹ ó san lè dínkù, nígbà tó jẹ́ pé 3,000,000 ni. Tí ìjàǹbá bá wá ba nǹkan 600,000 náírà jẹ́ lára rẹ̀, wọ́n lè sọ pé ìdajì mọ́tò lẹ fi síkàáwọ́ wọn, kí wọ́n san ìdajì, ìyẹn 300,000. Ó wà nínú ìwé àdéhùn tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà. Ẹni tó bu iye mọ́tò rẹ̀ kù, ara rẹ̀ ló ń rẹ́ jẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ra third party, kí ẹ sì mọ ibi tó parí sí

Third party ni ínṣọ́ránsì tó ń san fún ohun tí mọ́tò yín bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Òfin ní kí gbogbo mọ́tò tó ń rìn lójú títì ní in, àwọn ọlọ́pàá sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2025. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àjọ NAICOM tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò gbé owó third party fún mọ́tò ara ẹni kúrò ní 5,000 lọ sí 15,000 náírà lọ́dún. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n lè san fún dúkìá ẹlòmíràn tí ẹ bá bà jẹ́ náà gòkè, láti 1 mílíọ̀nù dé 3 mílíọ̀nù náírà.

Mílíọ̀nù 3 yìí, ti dúkìá ni: mọ́tò ẹlòmíràn, ògiri rẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀. Ti ẹni tó farapa tàbí tó kú yàtọ̀ sí i, third party sì bo ìyẹn náà. Ohun tí kò bò rárá ni mọ́tò tiyín. Tí ẹ bá gbá ọ̀pá iná, wọ́n á san owó ọ̀pá, ẹ̀yin á sì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì yín lọ sọ́dọ̀ panẹbítà fúnra yín.

Ẹ wá ro ojú ọ̀nà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́. Ẹni tó ń wa mọ́tò láàárín ìlú nìkan, láti ilé dé ọjà, mílíọ̀nù 3 lè tó o. Ẹni tó ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóòrèkóòrè, níbi tí tírélà, bọ́ọ̀sì èrò àti àwọn jíìpù tó ń bọ̀ láti Ìlọrin ti ń dù ú mọ́ra wọn lọ́wọ́, kò yẹ kó fọkàn tán iye yẹn pátápátá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rà á lọ́wọ́ wọn bóyá ẹ lè fi owó díẹ̀ kún un kí òdiwọ̀n dúkìá ẹlòmíràn lè gòkè. Lójú tèmi, fún ẹni tó ń wa mọ́tò àtijọ́, ibí ni náírà àfikún ti wúlò jù lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣe ìṣirò comprehensive

NAICOM ní owó comprehensive kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò. Fún mọ́tò 3,000,000, ìyẹn jẹ́ 150,000 náírà lọ́dún. Ẹ yọ 15,000 third party tí ẹ ó san tẹ́lẹ̀ kúrò, ó ku 135,000. Owó yìí gan-an lẹ ń san nítorí mọ́tò tiyín. Ní ọdún mẹ́rin, ó di 540,000.

Ẹ tún béèrè iye tí wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín san nígbàkígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí àwọn tó gbé ìyókù. Tó bá jẹ́ 50,000, tí ohun tó bàjẹ́ sì jẹ́ 60,000, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré ni ẹ ó gbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kì í tilẹ̀ gba mọ́tò tó bá ti pẹ́ ju iye ọdún kan lọ sínú comprehensive, nítorí náà ẹ ti béèrè èyí kí ẹ tó máa da ara yín láàmú.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: tí mọ́tò yìí bá jóná lálẹ́ òní, ṣé mo lè rí òmíràn rà kí ọdún tó yí po láìbá ẹnikẹ́ni yá owó?

Tí ẹ bá lè ṣe é, ẹ dúró sórí third party, kí ẹ sì máa fi 135,000 yẹn pamọ́ síbi tí ọwọ́ kì í tètè dé. Ẹ̀yà ara àlòkù ṣì wà fún Corolla, Camry, Primera àti Golf, mẹkáníìkì àdúgbò sì mọ̀ wọ́n dunjú. Ìjàǹbá kékeré kò ní í dójú tì yín.

Tí ẹ kò bá lè ṣe é, ọ̀rọ̀ yí padà. Mo ń ronú nípa olùkọ́ tó fi owó kọ́póréétìfù ra mọ́tò, tí wọ́n ṣì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Tí olè bá gbé mọ́tò náà lọ, kọ́póréétìfù kò ní í dáwọ́ yíyọ owó wọn dúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kó ra comprehensive, bó ti wù kí mọ́tò náà pẹ́ tó, ó kéré tán títí gbèsè yóò fi tán. Ètò kan tún wà láàárín méjèèjì tó bo third party pẹ̀lú iná àti olè. Ó dára fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ń sùn síta lẹ́bàá ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ tí mọ́tò ń ṣe

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé èrò méjì mẹ́ta nígbà tí a bá ń lọ sí Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin, kí owó epo lè jáde. Tí ìwé ínṣọ́ránsì yín bá jẹ́ ti mọ́tò ara ẹni, tí ìjàǹbá wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ kó èrò tó sanwó, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti san. Tí kábúkábú bá wà nínú ohun tí ẹ ń fi mọ́tò ṣe, àní ọjọ́ Sátidé nìkan, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń rà á. Yóò wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojúlówó ni ẹ rà yẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yẹ ìwé náà wò kó tó di ọjọ́ wàhálà

Mo ní láti padà sọ́dọ̀ ọkùnrin Sábó yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e dìde, ó rántí pé òun ní ínṣọ́ránsì. Ó fa ìwé kan yọ nínú páálí mọ́tò, ìwé náà ṣì mọ́ tónítóní. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa tẹ nọ́ńbà mọ́tò náà sórí fóònù rẹ̀ láti wò ó bóyá ínṣọ́ránsì rẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni kan tó máa ń bá a ṣe gbogbo pépà mọ́tò lọ́dọọdún ló kó o pọ̀ mọ́ ìyókù fún un, ó sì ti ń sanwó bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti ọdún mélòó kan. Ó wo ìwé náà, ó wo fóònù, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó ṣe yín. Ẹ lọ sí askniid.org, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò yín síbẹ̀, kí ẹ rí i bóyá ó jáde pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ rà á lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tàbí lórí íkànnì wọn, kí ẹ sì gba rísíìtì. Ẹ rántí pé bí ẹ kò bá tíì sanwó, kò tíì sí ínṣọ́ránsì kankan, bó ti wù kí ajẹ́ǹtì ṣèlérí tó.

Tí ìjàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo ara gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò mọ́tò méjèèjì, nọ́ńbà wọn, àti ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan wà lójú títì, kí ẹnikẹ́ni tó sún un. Ẹ sọ fún ọlọ́pàá, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò lọ́jọ́ náà gan-an.

Nínú àṣà tiwa, a máa ń bẹ̀bẹ̀, ó sì dára. Ẹ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ sọ pé ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má buwọ́ lu ìwé pé ẹ ó san, ẹ má sì dá iye kankan lé e. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè sọ pé ẹ ti gba ẹ̀bi láìsọ fún àwọn. Ẹ fún ẹni náà ní nọ́ńbà ìwé ínṣọ́ránsì yín àti nọ́ńbà fóònù ilé-iṣẹ́ náà. Kí méjèèjì ti wà nínú fóònù yín láti ọjọ́ tí ẹ bá ti rà á.